Ọsàn Là Ń Bẹ, Ẹ̀gúsí Là Ń Bó

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní a kì í fárí lẹ́yìn olórí. Ohun tí èmi àti àwọn ẹgbẹ́ mi tí a ń pe ara wa ní olùkọ́ èdè Yorùbá ti ń ṣe láti ọjọ́ pípẹ́ ni pé a ń fárí èdè yìí lẹ́yìn àwọn tó ni ín. A jókòó sí yunifásítì, a jókòó sí ilé-ìwé, a ń pàṣẹ bí ọ̀rọ̀ yóò ṣe jẹ́. Àwọn tí ọ̀rọ̀ wà lọ́wọ́ wọn, tí wọ́n sì ń fi í ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́, wà ní ìdí àtẹ. Wọn kò mọ̀ pé a ti dá wọn lẹ́bi. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ rò lónìí kéré lójú. Ẹjọ́ ọ̀rọ̀-ìṣe díẹ̀ ni: àwọn ọ̀rọ̀ tí Yorùbá fi ń sọ bí a ṣe ń mú ohun tó wà lóde kúrò lára ohun tó wà nínú, yálà ti èso, ti kóró tàbí ti ẹran. Ṣùgbọ́n bí òǹkàwé bá fara balẹ̀ gbọ́ ọ, yóò rí i pé ohun tó wà nídìí rẹ̀ kò kéré.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta kan, mo lọ kí àbúrò mi obìnrin tí òun àti ìdílé rẹ̀ ń gbé ní Festac Town ní Èkó. Ìyá wa wà lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà náà. Ọmọbìnrin rẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án mú ìwé iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ wá fún mi pé kí n wò ó. Olùkọ́ wọn ti ní kí wọ́n kọ gbólóhùn márùn-ún nípa iṣẹ́ ilé. Ọmọ náà kọ ọ́ pé: "Màmá àgbà ń bẹ ọsàn." Olùkọ́ fi báírò pupa fa ìlà sí abẹ́ "bẹ", ó fún gbólóhùn náà ní òdo, ó sì kọ ọ́ sókè pé: "ń yọ èèpo ọsàn". Bí ẹni pé èyí kò tó, ó tún kọ àlàyé sí ẹ̀gbẹ́ ìwé pé Ọlọ́run ni à ń bẹ̀, a kì í bẹ ọsàn.

Ọmọ náà gbójú sókè, ó bi mí pé: "Bàbá Ìbàdàn, ṣé Màmá àgbà kò gbọ́ Yorùbá ni?"

N kò lè dáhùn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Ìyá tó bí mi, tó fi èdè yìí tọ́ mi dàgbà kí n tó lọ fi í gba oyè ọ̀mọ̀wé, ni a ń bèèrè bóyá ó gbọ́ Yorùbá. Kí n má baà fi ìbínú sọ̀rọ̀, mo di ọmọ náà lọ́wọ́ mú, a sì jáde lọ sí Apple Junction. Ẹni tó bá mọ agbègbè Festac àti Amuwo-Odofin mọ oríta náà: mọ́tò ń lọ, mọ́tò ń bọ̀, ọlọ́jà ń pe oníbàárà. Obìnrin kan wà níbẹ̀ tó ń ta ọsàn. Ó mú ọ̀bẹ pẹlẹbẹ kan dání, ó ń yí ọsàn lọ́wọ́, èèpo ń jáde bí okùn tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò já, ó sì ń dá funfun abẹ́ rẹ̀ sí kí omi má baà jò dànù.

Mo kí i: "Ẹ kú ọjà o, ìyá."

"Ẹ ṣeun, bàbá. Ẹ káàbọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, kí ni ẹ ń ṣe sí ọsàn yìí?"

Ó wò mí bí ẹni tó ń ṣiyèméjì bóyá ara mi dá. "Mo ń bẹ ẹ́ ni, bàbá."

"Ṣé kì í ṣe pé ẹ ń yọ èèpo rẹ̀?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Èèpo á kúrò bí mo bá bẹ ẹ́ tán. Ṣùgbọ́n bíbẹ ni mo ń bẹ ẹ́. Ẹ̀gúsí tó wà lọ́wọ́ ìyá tó jókòó tì mí yìí, bíbó ni wọ́n ń bó o ní tiwọn."

Ọmọ náà wo ìyá ọlọ́sàn, ó wò mí, ó ní: "Màmá àgbà gbọ́ Yorùbá nígbà náà."

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé olùkọ́ ọmọ yìí ni mo wá bú. Nígbà tí mo wádìí, mo rí i pé ẹ̀kọ́ Yorùbá ni ó kà, ó sì gboyè nínú rẹ̀. Irú ìwé tí èmi náà fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi ni wọ́n fi kọ́ ọ. Ó lè ya ìró fáwẹ́lì sọ́tọ̀ sí ìró kọ́ńsónáńtì, ó lè ṣe àtúpalẹ̀ gbólóhùn, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó bi í léèrè rí pé kí ni à ń ṣe sí ọsàn. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa tí a wà lọ́jà ni orí ọmọ wọ́ lójú wa.

Ẹ jẹ́ kí a tún wo ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀. Festac Town kì í ṣe ìlú tó ṣàdédé hù. Ìjọba ológun àpapọ̀ ló kọ́ ọ láti fi gba àwọn àlejò tó wá sí àjọ̀dún àgbáyé kejì lórí iṣẹ́ ọnà àti àṣà àwọn Aláwọ̀dúdú, èyí tí a ṣe ní Èkó láti ọjọ́ 15 oṣù kìn-ín-ní títí di ọjọ́ 12 oṣù kejì ọdún 1977. Lára ètò àjọ̀dún náà ni àpérò ńlá kan tí àkòrí rẹ̀ dá lé ọ̀làjú àwọn Aláwọ̀dúdú àti ètò ẹ̀kọ́. Nínú ìlú tí a tìtorí àṣà kọ́, lórí ilẹ̀ àwọn Àwórì tí wọ́n ti ń sọ Yorùbá níbẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó gbọ́ orúkọ Festac, ni a ti wá ń fi báírò pupa sọ fún ọmọdé pé ìyá ìyá rẹ̀ ṣi ọ̀rọ̀ lò. Orúkọ oríta náà pàápàá ń fi wá ṣẹ̀fẹ̀. Èso tó ń jẹ́ ápù, tèèpo-tèèpo ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gé e jẹ. Kò bèèrè ọ̀rọ̀-ìṣe kankan lọ́wọ́ wọn. Àwọn èso àti kóró tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Kí wá ni àwọn ọ̀rọ̀ wọ̀nyí ń sọ? Èdè wa kò kọ́kọ́ bèèrè pé kí ni a mú kúrò. Ohun tí ó ń bèèrè ni pé: báwo ni òde ṣe di inú mú, kí sì ni a ó fi tú ìdè náà? Bí ìdè bá ti yàtọ̀, ọ̀rọ̀ á yàtọ̀.

Bí èèpo bá lẹ̀ mọ́ ara tímọ́tímọ́ tó fi jẹ́ pé irin nìkan ló lè là wọ́n, bẹ ni à ń lò. A ń bẹ iṣu, a ń bẹ ẹ̀gẹ́, a ń bẹ ọsàn. Orúkọ irin-iṣẹ́ náà, ọ̀bẹ, sì ń dún ọ̀rọ̀ náà sí wa létí. Bí èèpo bá dà bí ẹ̀wù tí ọwọ́ lè ká kúrò, bó ni à ń lò. A ń bó ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n, a ń bó ẹ̀pà, a ń bó ẹ̀gúsí, a sì ń bó ẹ̀wà tí a ti rẹ sínú omi kí a tó lọ̀ ọ́ fún àkàrà tàbí mọ́ínmọ́ín. Ẹran tí a pa, a ń bó awọ rẹ̀, nítorí pé bí ọ̀bẹ bá ti ṣí ojú ọ̀nà tán, ọwọ́ ló ń fa awọ kúrò lára ẹran.

Ìyẹ́ adìẹ kì í ṣe ẹ̀wù. Ó ní gbòǹgbò nínú awọ gẹ́gẹ́ bí koríko ṣe ní gbòǹgbò nínú ilẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ kan náà ló ń ṣiṣẹ́ fún méjèèjì: a ń tu koríko, a ń tu ìyẹ́. Omi gbígbóná tí a kọ́kọ́ dà sí adìẹ lára ń ṣe iṣẹ́ tí òjò ń ṣe fún ẹni tó fẹ́ tu koríko, tí ó ń mú kí ilẹ̀ rọ̀. Irun kò ṣeé tu bí ìyẹ́, nítorí náà a ń wi ewúrẹ́ nínú iná, a sì ń fi abẹ fá ohun tó bá ṣẹ́kù. Ìpẹ́ ẹja to ara rẹ̀ léra bí páànù òrùlé. A ń họ ọ́ láti ìrù lọ sí orí, kí ojú ọ̀bẹ lè bọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹ̀kùrọ́ ní tirẹ̀ ti ara rẹ̀ mọ́ inú ilé òkúta. Ẹni tó bá fẹ́ ẹ, àfi kí ó pa á. A ń pa ẹ̀kùrọ́ bí ẹni pa ẹran, èésan rẹ̀ á sì di ohun ìdáná.

Àgbàdo gba ọ̀rọ̀ méjì, nítorí pé ìdè méjì ló wà lára rẹ̀. A ń bó háhá kúrò, lẹ́yìn náà a ń yin hóró rẹ̀ kúrò lára ṣùkù. Nínú yíyin àgbàdo, òde ni oúnjẹ, inú ni a ń sọ nù. Ọ̀rọ̀ yí padà nítorí pé iṣẹ́ yí padà. Erèé tó gbẹ, lílù ni à ń lù ú kí èèpo rẹ̀ lè fọ́, a ó sì wá fẹ́ ẹ kí afẹ́fẹ́ lè gbé ìyàngbò lọ.

Ìgbín ló yàtọ̀ sí gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní bí ìgbín bá ń fà, ìkarahun a tẹ̀ lé e. Nítorí pé ìkarahun le ju ara ìgbín lọ, a kì í bó o, a kì í bẹ ẹ́. Yíyọ ni à ń yọ ìgbín. Ẹ wò ó dáadáa: inú ni a mú jáde kúrò nínú òde. Níbẹ̀ gan-an ni yọ ti ní ilé tirẹ̀. A ń yọ ìgbín, a ń yọ ẹ̀gún, a ń yọ eyín. Ohun tó há sínú nǹkan ni à ń yọ. Ẹni tó ní kí yọ máa ṣe iṣẹ́ gbogbo wọn ti bọ́ ẹ̀wù ìgbín, ó ti fi í wọ ọsàn.

Mo mọ ohun tí àwọn kan yóò sọ. Èkíní, wọn yóò ní: "Ọ̀mọ̀wé, ṣé yọ kì í ṣe Yorùbá ni?" Yorùbá ni. Ẹni tó bá sọ pé òun yọ èèpo kúrò lára ọsàn kò ṣẹ̀ sí òfin gírámà kankan. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó bá ń pe àǹtí, ìyá, ẹ̀gbọ́n àti ìyàwó ilé ní "obìnrin yẹn" kò ṣẹ̀ sí òfin gírámà, ṣùgbọ́n a mọ irú ilé tí ó ti wá. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ kì í ṣe pé wọ́n lo yọ. Ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ ni pé wọ́n fún bẹ ní òdo.

Èkejì, wọn yóò ní ẹ̀ka-èdè yàtọ̀ síra, pé bí a ṣe ń pè é ní ẹkùn Ìbàdàn kọ́ ni wọ́n ń pè é ní ibòmíràn. Òótọ́ ni, mo sì dúpẹ́ pé ó rí bẹ́ẹ̀. Bí ìlú kan bá ní ọ̀rọ̀ mìíràn fún ohun tí mo pè ní bíbẹ, kí wọ́n mú un wá, kí a kọ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ ìlú méjì ju ọ̀rọ̀ ìlú kan lọ. Yọ tí olùkọ́ kọ sókè kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú kankan tí ó dìde bá ọ̀rọ̀ ìlú mìíràn jà. Ìtumọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni: a kọ́kọ́ fi Gẹ̀ẹ́sì rò ó pé a mú èèpo kúrò, a sì wá Yorùbá tó bá a mu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì fúnra wọn kì í fi ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tán iṣẹ́ yìí. Wọ́n ní ti ìyẹ́, wọ́n ní ti ìpẹ́, wọ́n ní ti háhá àgbàdo lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n pàdánù tiwa kò sì rí tiwọn gbà dípò. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n mú bọ̀ láti ọjà náà.

Ẹ̀kẹta ni èyí tó lágbára jù. Wọn yóò ní ayé ti yí padà: ẹ̀gúsí bíbó wà lọ́jà nínú ọ̀rá, ẹ̀rọ ti ń pa ẹ̀kùrọ́, adìẹ inú yìnyín kò ní ìyẹ́ lára mọ́, bí iṣẹ́ bá ti lọ, kí ọ̀rọ̀ náà máa tẹ̀ lé e. Èmi náà ìbá gbà bí ó bá jẹ́ pé iṣẹ́ ti lọ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ní Apple Junction tí mo dúró sí, iṣẹ́ kò lọ síbì kan. Obìnrin kan ń bẹ, èkejì ń bó, láàárín ìlú Èkó, ní ọ̀sán gangan. Àwa àti àwọn ọmọ wa ni a kúrò nídìí iṣẹ́, tí a wá ń sọ fún ẹni tó ṣì ń ṣe é pé ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gbà.

Ìmọ̀ sì wà nínú ọ̀rọ̀ náà tí kò sí níbòmíràn. Ẹ gbé ẹ̀gẹ́ yẹ̀ wò. Nàìjíríà ni orílẹ̀-èdè tó ń pèsè ẹ̀gẹ́ jù lọ ní gbogbo àgbáyé, májèlé tó wà nínú èèpo ẹ̀gẹ́ sì sábà máa ń pọ̀ ju èyí tó wà nínú ara rẹ̀ lọ. Ẹni tó ń bẹ ẹ̀gẹ́ mọ̀ pé èèpo méjì ni: ti òde tó fẹ́lẹ́, àti ti abẹ́ rẹ̀ tó nípọn. Méjèèjì ni ọ̀bẹ gbọ́dọ̀ gbé lọ. Ẹni tó ń bẹ ọsàn mọ̀ pé òde nìkan ni kí ó gbé, kí ó dá funfun sí. Bí a ṣe ń kọ́ ọmọ ní bíbẹ ni a ń kọ́ ọ ní ibi tí ọ̀bẹ yóò dé. Yọ kò ní ọ̀bẹ, kò sì ní òdiwọ̀n. Èèpo á kàn lọ ni.

Ọ̀rọ̀ àmì ohùn náà kò gbẹ́yìn níhìn-ín. Ẹ wo gbólóhùn méjì yìí: "Ó bó ẹ̀wà náà." "Ó bo ẹ̀wà náà." Ẹni àkọ́kọ́ ti ká aṣọ kúrò lára ẹ̀wà, ẹni kejì ti da aṣọ bò ó. Ohùn kan ṣoṣo ló wà láàárín títú àti bíbò. Bí a bá tún gbàgbé àmì abẹ́, bọ́ tí à ń bọ́ aṣọ á dà pọ̀ mọ́ wọn. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ láìfi àmì kankan sí i nínú àtẹ̀jíṣẹ́ orí fóònù kò tí ì sọ èyí tó fẹ́ kí wọ́n bá òun ṣe. Síbẹ̀ àwọn kan ń sọ pé àmì ohùn jẹ́ ìyọnu àwọn ọ̀mọ̀wé.

Èmi kì í ṣe ọ̀tá àwọn tó ń ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun. Mo mọ rírì Èdè-Ìperí Yorùbá, apá kìn-ín-ní tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984, àti apá kejì tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990. Láìsí wọn, n kò lè fi Yorùbá kọ́ ẹnikẹ́ni ní gírámà. Ṣùgbọ́n ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther tẹ ìwé atúmọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní 1843, ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn ènìyàn ni ó fi kún un. Àwa ti ń fi ọ̀rọ̀ tuntun kún àká, a kò sì wo ẹ̀yìn láti rí i pé ìsàlẹ̀ àká ti lu, àgbàdo tí a bá nílé sì ń dà sílẹ̀.

Ẹ má sì sọ fún mi pé òfin ni yóò gbà wá. Òfin kò wọ́n wa. Láti 1970 ni iṣẹ́ ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Ilé-Ifẹ̀, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá jẹ́ aṣáájú rẹ̀, ti bẹ̀rẹ̀, ó sì fi hàn pé ọmọ tí a fi Yorùbá kọ́ ní ẹ̀kọ́ gbogbo kì í rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Ní oṣù kejì ọdún 2018, Gómìnà Akinwunmi Ambode fọwọ́ sí òfin pé kí a máa kọ́ Yorùbá ní gbogbo ilé-ìwé ní Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ìjọba àti ti aládàáni. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022, ìjọba àpapọ̀ gbà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́fà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́ kéde pé a ti fagi lé e, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a padà sí. Ìfagilé náà dùn mí, mo sì lòdì sí i. Ṣùgbọ́n n kò ní fi í bo ẹ̀ṣẹ̀ tiwa. Iṣẹ́ Yorùbá ni ọmọ yìí ń ṣe nígbà tí a fún ọ̀rọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní òdo, ní ìlú tí òfin ti ní kí a kọ́ ọ ní Yorùbá. Kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì ló fún un ní òdo. Yorùbá ilé-ìwé ló fún Yorùbá ilé ní òdo.

Kí ni kí a ṣe? Kí àwa tí a ń kọ́ olùkọ́ má ṣe jẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ kankan gboyè nínú Yorùbá láìjẹ́ pé ó ti lo ọjọ́ mélòó kan ní ìdí àtẹ, ní ẹbu, ní oko, ní ilé aláta àti ilé alápatà, tí ó sì kọ ohun tí ó gbọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn. Kí olùkọ́ tó bá bá ọ̀rọ̀ tí kò mọ̀ pàdé nínú ìwé ọmọdé kọ́kọ́ bèèrè pé, "Ta ló kọ́ ọ?" kí ó tó gbé báírò pupa. Kí òbí sì pe ọmọ wá sí ilé ìdáná, kí ó fún un ní ọ̀bẹ, kí ó fún un ní ọ̀rọ̀ pẹ̀lú.

Nígbà tí a padà dé ilé, mo ní kí ọmọ náà má pa gbólóhùn rẹ̀ rẹ́. Ó kọ márùn-ún mìíràn sí abẹ́ rẹ̀: ti ẹ̀gúsí, ti adìẹ, ti ẹja, ti àgbàdo, ti ìgbín. Ìyá mi ló ń sọ ọ́, ọmọ ló ń kọ ọ́. Iṣẹ́ tèmi kò ju kí n máa wo àmì ohùn. Lẹ́yìn náà mo kọ lẹ́tà kékeré kan sí olùkọ́ rẹ̀, mo fi sínú ìwé náà. N kò fi oyè mi há a lẹ́nu. Mo kọ ọ́ pé ẹjọ́ náà kì í ṣe tirẹ̀, tiwa tí a kọ́ ọ ni, pé bí ó bá ráyè ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, kí a jọ pàdé ní Apple Junction. Ọsàn wà níbẹ̀ tí ẹni tó mọ orúkọ iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ. Èmi ni yóò sanwó.